Kásẹ́ẹ̀tì Tó Ṣófo

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ sì kú sùúrù. Kásẹ́ẹ̀tì géèmù méjì ni mo mú wá. Ẹ jẹ́ kí n gbé wọn sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè rí wọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi ti gbó. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú ti ya ní igun kan, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí sì ti fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lẹ́yìn. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì tuntun ni, ó ń dán yinrin.

Bí mo bá ti èyí tó gbó yìí bọ ẹ̀rọ rẹ̀ tí mo tan án, orin á ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó jókòó dáadáa. Bí mo bá ti tuntun bọ tirẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé kí n lọ wá íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí géèmù nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe é bíi kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n dì í sínú páálí bíi kásẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ lásán ni. Géèmù gan-an ń bẹ lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó wà níbòmíràn, níbi tí ọwọ́ mi kò lè dé. Orí ẹ̀rọ géèmù Switch 2 tí ilé iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni irú rẹ̀ ti wọlé. Kí n má purọ́ mọ́ wọn: wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé bó ṣe rí nìyẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ lè yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa sáfà yẹn, ẹni tí kò bá tíì gbé géèmù náà sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ike tó rẹwà ló rà.

Ìyàtọ̀ kásẹ́ẹ̀tì méjì yìí ni gbogbo ohun tí mo wá sọ. Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, n kò sì bá ilé iṣẹ́ géèmù kankan ṣiṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn géèmù ni mí, tó fẹ́ràn ẹ̀rọ, tó sì ń ka ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì títí ó fi sú àwọn ará ilé rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn mi ń lọ sókè, ẹ má bínú, ìfẹ́ ló fà á.

Ẹni tó bí kásẹ́ẹ̀tì ni kí n kọ́kọ́ dárúkọ, torí orúkọ rẹ̀ kì í sábà jáde lẹ́nu àwa tó ń jẹ nínú òógùn rẹ̀. Jerry Lawson ni, ẹnjiníà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, tó darí iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ Channel F fún ilé iṣẹ́ Fairchild lọ́dún 1976. Ṣáájú ìgbà náà, ara kan náà ni géèmù àti ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ Pong, Pong náà ni yóò máa gbá. Bó bá sú u, kó lọ ra ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ̀rọ géèmù Odyssey tí Ralph Baer ṣe, tó jáde lọ́dún 1972, ní káàdì tí wọ́n ń tì bọ̀ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ káàdì yẹn kò gbé géèmù kankan dání, ṣe ló kàn ń so wáyà inú ẹ̀rọ pọ̀ lọ́nà mìíràn. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Alpex ló gbèrò pé kí géèmù kúrò nínú ẹ̀rọ kó lọ máa gbé inú ṣíìpù tirẹ̀. Lawson àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló wá sọ èrò yẹn di nǹkan tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè tì bọ̀ ọ́, kó fà yọ, kó tún tì bọ̀ ọ́ nígbà igba, kí iná má jó ṣíìpù inú rẹ̀, kí irin ẹnu rẹ̀ má sì jẹ.

Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi lé ọmọdé lọ́wọ́, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán tí kò tíì fọwọ́. Ẹ̀rọ kan náà yìí ló ní bọ́tìnnì tó ń dá géèmù dúró kí èèyàn lè lọ ṣe nǹkan mìíràn kó padà wá. Gbogbo ẹ̀yin tí ìyá yín pè rí nígbà tí géèmù wọra, ẹ rántí Lawson nínú àdúrà yín.

Channel F kò fi bẹ́ẹ̀ tà. Ilé iṣẹ́ Atari dé lọ́dún 1977 pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì gbọ́wọ́ lé ọjà. Lọ́dún 2011 ni àwọn tó ń ṣe géèmù tó rántí bu ọlá fún Lawson, oṣù kan péré ló sì kù kó jáde láyé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti yí ohun kan padà pátápátá: géèmù di ẹrù. Ó di ohun tí a lè yá ọ̀rẹ́, tí a lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, tí a lè tà nígbà tí owó bá tán, tí ẹ̀gbọ́n lè fi sílẹ̀ fún àbúrò. Ẹni tó fi bírò kọ orúkọ sẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì mi yìí mọ̀ pé tòun ni. A kì í kọ orúkọ sára ohun tí a yá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí i kí ẹ rí inú rẹ̀. Ike méjì ni, ṣúkúrù kan ṣoṣo ló dì í, ṣùgbọ́n ṣúkúrù náà kò ní ojú tí sukudíráfà ilé lè mú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí a má baà ṣí i. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣí i, n kò ní irinṣẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn àgbà nínú géèmù fi kọ́ mi ni pé kí n yọ ìfun bírò kúrò, kí n fi iná ra ẹnu ike rẹ̀ títí á fi rọ̀, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ṣúkúrù náà, kí n sì mú un dání bẹ́ẹ̀ títí á fi tutù. Ike yẹn á gba àwòrán orí ṣúkúrù, á di sukudíráfà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kó tó mú. Yàrá ń rùn bí ike jíjó fún ọjọ́ méjì.

Bátìrì ló mú mi ṣí i. Inú rẹ̀ ni ẹ ti ń rí i yìí, pẹlẹbẹ, ó rí rogodo bí owó onírin. Ṣíìpù tó ń rántí ibi tí a bá géèmù dé kò lè rántí nǹkan láìsí iná, nítorí náà bátìrì kékeré yìí ló ń bu iná fún un tọ̀sán tòru, kódà bí kásẹ́ẹ̀tì bá wà nínú àpótí. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Géèmù Pokémon Gold àti Silver tó jáde ní Japan lọ́dún 1999 tún ní aago nínú, tó fi mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú àti ìgbà tó mọ́, aago yẹn náà sì ń mu nínú bátìrì kan náà, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi tètè ń kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi ni pé mo tan án ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo rí i pé ìlà kan péré ló wà lójú ẹ̀rọ: bẹ̀rẹ̀ géèmù tuntun. Gbogbo ohun tí mo ti kó jọ láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, ó ti lọ. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Ṣùgbọ́n mo lè ṣe nǹkan sí i. Mo yọ bátìrì tó ti kú, mo fi irin sódà jó tuntun mọ́ ọn, mo ṣọ́ra kí n má fi orí rẹ̀ sí ibi tí ìdí yẹ kó wà, mo sì fi bírò kọ ọjọ́ tí mo pààrọ̀ rẹ̀ sínú ike, ẹ wò ó níbí. Ẹni tó bá ni ín lẹ́yìn mi á mọ ìgbà tó yẹ kó tún un ṣe. Mo pàdánù ohun tí mo kó jọ, àmọ́ n kò pàdánù géèmù.

Torí a ti dé ibi ìtọ́jú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ gbà mí láyè kí n ba ayọ̀ àwọn kan jẹ́. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń fẹ́ sí ẹnu kásẹ́ẹ̀tì, kò ṣe nǹkan kan rí. Fífà yọ àti títì padà bọ̀ ọ́ ló ń jẹ́ kí irin fara kan irin dáadáa. Èémí wa kàn ń fi ọ̀rinrin àti itọ́ sí irin lára ni, ìyẹn sì ń mú un dípẹtà. Nintendo fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún wa, a ò gbọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí aṣálẹ̀. Lọ́dún 1982, Atari ní kí Howard Scott Warshaw ṣe géèmù E.T. láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kó lè bá ọjà Kérésìmesì. Mo ti gbá a. Kò dára. Ìṣẹ́jú kan kò ní pé tí ẹ ó fi já sí kòtò, ẹ ó sì jáde kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tún já sí òmíràn. Kò tà bí wọ́n ṣe rò, ọjà géèmù ní Amẹ́ríkà sì dojú dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Atari wá kó kásẹ́ẹ̀tì E.T. àti àwọn mìíràn sínú ọkọ̀ ẹrù, ó lọ sin wọ́n sí ààtàn kan ní Alamogordo, ní aṣálẹ̀ New Mexico, lọ́dún 1983. Àwọn èèyàn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yẹn fún 30 ọdún, àwọn kan ní ìtàn lásán ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà, kásẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú iyanrìn, àwọn kan ṣì wà nínú páálí wọn. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian báyìí.

Ní ìparí ọdún 2014 yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Ubisoft gbé géèmù ọkọ̀ eré ìje kan jáde tó ń jẹ́ The Crew. Àwọn èèyàn fi owó ra díìsìkì rẹ̀, ó wà nínú páálí, ó wà lórí àga ìkówèé wọn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tilẹ̀ fẹ́ dá nìkan wakọ̀, àfi kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ sáfà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n pa sáfà náà, géèmù sì kú mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ní díìsìkì rẹ̀ lè fi ṣe dígí. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Sony gbé géèmù Concord jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò, wọ́n sì pa á. Wọ́n dá owó olówó padà, mo gbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ọwọ́ àwọn ayàwòrán, àwọn olórin, àwọn tó kọ kóòdù rẹ̀, kò sí ọ̀nà tó bófin mu tí ẹnikẹ́ni lè fi gbá a mọ́, kódà láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn nìyẹn. Géèmù burúkú tí wọ́n sin sábẹ́ iyanrìn ṣeé hú. Èyí tí wọ́n pa lórí sáfà, ibo la ó lọ gbẹ́?

Àjọ kan tó ń jẹ́ Video Game History Foundation yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́dún 2023. Wọ́n rí i pé nínú àwọn géèmù tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí lórí àtẹ mọ́ lọ́nà tó bófin mu. Ẹni tó bá fẹ́ gbá wọn, àfi kó wá kásẹ́ẹ̀tì àlòkù àti ẹ̀rọ àlòkù, tàbí kó lọ jí i. Ọdún yẹn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta, ni wọ́n ti ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ẹ̀rọ géèmù 3DS àti Wii U ti Nintendo pa. Àwọn géèmù kan wà níbẹ̀ tí kò sí ní kásẹ́ẹ̀tì rí.

Èmi náà ti fara gbá a. Ilé ìtajà kan tí n kò ní dárúkọ ni mo ti ń ra géèmù fún ọdún pípẹ́. Mo pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, mo gbàgbé láti sọ fún wọn, wọ́n sì ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù tí kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Mo kọ lẹ́tà, mo fi ìwé ẹ̀rí owó tí mo san hàn wọ́n. Èsì tó padà wá, ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́. Títí di òní, wọn kò tíì ṣí i. Ilé mi ni, mo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò mọ̀ mí.

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Rírà ni rírà, yíyá ni yíyá, háyà ni háyà. Ẹni tó ra nǹkan kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un kó tó lò ó. Ẹni tó háyà mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun á dá a padà, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jọ́ náà. Ohun tí àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ni pé wọ́n kọ "rà" sórí bọ́tìnnì, wọ́n sì fi "háyà" pamọ́ sí ojú ìwé kejìlélógún nínú àdéhùn tí gbogbo wa ń tẹ "mo gbà" sí láìkà. California ṣe òfin lórí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025: ẹni tó bá ń ta nǹkan báyìí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta pé àṣẹ ìlò lásán lòun ń tà, àyàfi bí ẹni tó rà á bá lè gbé e sọ́dọ̀ títí láé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò dá géèmù kankan padà, ṣùgbọ́n ó kéré tán, irọ́ ti kúrò lójú bọ́tìnnì.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ eré ni gbogbo èyí. Ẹ wo fóònù ọwọ́ yín. Ìgbà kan wà tí a ń fi èékánná ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, tí a ń yọ bátìrì, tí a ń fi òmíràn sí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Lónìí, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú. Ilẹ̀ Yúróòpù ti ṣòfin pé láti oṣù kejì ọdún 2027, bátìrì ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àmúlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ṣeé yọ fún ẹni tó ń lò ó. Ohun tí a ti ní rí ni wọ́n ń fi òfin gbà padà fún wa.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù lọ ni ti ojú. Ilé iṣẹ́ kan ní California, Second Sight, ṣe ẹ̀rọ kan fún àwọn afọ́jú, Argus II. Kámẹ́rà kékeré wà lára awò. Ohun tí kámẹ́rà bá rí, á ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ sí inú ojú, tó ní ojú irin 60 tó ń fi iná tín-ín-tín ta iṣan ojú. Kì í ṣe ìran bíi tèmi àti tiyín. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni, ojú ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ títì, òjìji èèyàn tó ń kọjá. Ẹni tó ti wà nínú òkùnkùn fún ọdún pípẹ́ kò ní fojú kéré ìyẹn. Èèyàn tó lé ní 350 káàkiri ayé ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tó di ọdún 2020, owó tán lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, wọn kò sì lè tún ẹ̀rọ náà ṣe fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí awò bá bàjẹ́, ó di kí aláwò máa wá àlòkù kiri lọ́wọ́ aláwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ń bẹ nínú ojú èèyàn, ẹni tó mọ inú rẹ̀ sì ti kó ẹrù lọ.

Bí ẹnì kan bá kọ ìyẹn nínú ìwé àròsọ, mo lè sọ fún un pé ó ti ki àṣejù bọ̀ ọ́.

Ìdí tí mo fi ń ka ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yìn ín nítorí àsọtẹ́lẹ̀: ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì, ta ló kọ́kọ́ ya fóònù alágbèéká. Èmi ò ka ìyẹn kún bàbàrà. Ẹni tó bá ta ọfà ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan á ba ẹyẹ. Ohun tí àwọn tó gbọ́n nínú wọn ń wò ni ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ náà bá dé. Philip K. Dick kọ ìwé kan tó ń jẹ́ Ubik, ó jáde lọ́dún 1969. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joe Chip fẹ́ jáde kúrò nínú ilé ara rẹ̀, ilẹ̀kùn ní kò jáde àyàfi bó bá san owó. Joe Chip ní ẹ̀bùn lásán lòun máa ń fún ilẹ̀kùn, kì í ṣe dandan. Ilẹ̀kùn ní kó lọ wo ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí nígbà tó ra ilé. Ó wò ó, ilẹ̀kùn ló jàre. Ó wá mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ṣúkúrù, ilẹ̀kùn sì ń pariwo pé òun á pè é lẹ́jọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Nígbà tí mo kà á lẹ́yìn tí ilé ìtajà yẹn tilẹ̀kùn mọ́ mi, mo wo ọ̀bẹ Joe Chip, mo sì wo bírò tí mo fi iná ra, mo mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ọdún kan ṣáájú ìwé yẹn, lọ́dún 1968, ni fíìmù tó ń jẹ́ 2001: A Space Odyssey jáde, níbi tí kọ̀ǹpútà HAL ti kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó wà lóde òfuurufú. Ilẹ̀kùn náà ni. Gbogbo èèyàn rántí ohùn jẹ́jẹ́ HAL, wọ́n rò pé ẹ̀rọ tó ya wèrè ni ìtàn náà dá lé. Lójú tèmi, ẹni tí ilẹ̀kùn wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni.

Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ti rí irú ikú tí mo ń sọ yìí. BBC bẹ̀rẹ̀ eré tẹlifísàn Doctor Who lọ́dún 1963. Nígbà náà, téèpù ilé iṣẹ́ tẹlifísàn wọ́n, ààyè ìkóǹkansí kò sì tó, nítorí náà wọ́n ń pa eré rẹ́ kí wọ́n lè gba òmíràn sórí téèpù kan náà. Títí di apá ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò ní èrò ibi. Lójú wọn, eré tó ti kọjá ti kọjá. Abala tó lé ní 90 ló ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kò sí ọ̀kan nínú àwọn abala yẹn tí ohùn rẹ̀ sọnù. Kí ló fà á? Àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré náà ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú tẹlifísàn nílé wọn, wọ́n di maíkì mú síbi tí ohùn ti ń jáde, wọ́n sì bẹ gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má wúkọ́. Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá pa rẹ́, ọmọ tó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì ló tọ́jú rẹ̀.

Àwòrán wọn ńkọ́? Wọ́n ti ta ẹ̀dà fíìmù eré náà fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifísàn káàkiri ayé, kó tó di pé wọ́n pa ti ilé rẹ́. Lọ́dún 2013, wọ́n kéde pé wọ́n ti rí abala mẹ́sàn-án tí gbogbo èèyàn ti gbà pé ó ti ṣègbé. Ibo ni wọ́n ti rí i? Ní Jos, ní Nàìjíríà, ní ibùdó tẹlifísàn kan, nínú yàrá tí eruku ti bò. Kò sẹ́ni tó rán ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé kó tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀dà ló wà níbẹ̀, kò sì sí ọwọ́ kan ní London tó lè na bọ yàrá yẹn láti pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù Metropolis tí Fritz Lang ṣe ní Jámánì lọ́dún 1927: wọ́n ti gé e kúrú, wọ́n ti sọ apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ nù, àfi ìgbà tí ẹ̀dà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé fara hàn ní Buenos Aires lọ́dún 2008.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2009, nígbà tí Amazon rí i pé ẹni tó gbé ìwé kan sórí Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé wọn, kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Wọ́n dá owó padà, wọ́n sì na ọwọ́ wọ inú ẹ̀rọ àwọn èèyàn láti òkèèrè, wọ́n pa ìwé náà rẹ́. Ìwé wo ni? 1984 tí George Orwell kọ, èyí tí ìjọba inú rẹ̀ ń ju ìwé sínú ihò iná. Wọ́n tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, àmọ́ a ti rí i pé ọwọ́ yẹn gùn.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tó wà níwájú fẹ́ sọ, mo ti ń rí i lójú wọn. Wọ́n á ní bàbá, ẹ̀yin ló ń ṣàárò ike. Rárá. Èmi náà ń ra géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àná gan-an ni mo rà kẹ́yìn. Láìsí i, Eric Barone tó dá nìkan ṣe géèmù Stardew Valley, orin rẹ̀, àwòrán rẹ̀, kóòdù rẹ̀, kì bá má rí ọ̀nà gbé e dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún 2016. Kásẹ́ẹ̀tì náà ń bàjẹ́, díìsìkì ń họ, ilé sì ń kún. Kì í ṣe ike ni mo ń bá yín dù. Ẹ̀dà ni, àti ẹ̀tọ́ láti tú ṣúkúrù.

Ó sì ṣeé ṣe, torí wọ́n ti ṣe é rí. Géèmù Doom jáde lọ́dún 1993. Nígbà tó di ìparí ọdún 1997, àwọn tó ṣe é gbé kóòdù rẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Láti ìgbà náà, kò sí ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn kò tíì gbé e sí: ẹ̀rọ ìṣírò, kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Wọ́n á rí ẹ̀rọ tuntun, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi ara wọn ni bóyá ó lè gbé Doom. Géèmù yẹn kò lè kú mọ́, bí àwọn tó ṣe é tilẹ̀ fẹ́ pa á. Ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, GOG, ń ta géèmù láti ọdún 2008 láìfi àgádágodo kankan sí i; bí o bá ti gbé e wálé, ó di tìrẹ, bí ilé ìtajà náà bá wó lọ́la, tìrẹ kò wó. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ pa sáfà géèmù Knockout City ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tó ṣe é fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yà kan tí ẹnikẹ́ni lè fi dá sáfà tirẹ̀ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kò ná wọn ní òfin, kò ná wọn ní ilé ẹjọ́. Wọ́n kàn ṣe é.

Ìyẹn ni àwọn tó ń pe ara wọn ní Stop Killing Games ń béèrè. Ikú The Crew ló bí wọn lọ́dún 2024. Ní oṣù keje ọdún 2025, ìbuwọ́lùwé wọn ní ilẹ̀ Yúróòpù kọjá mílíọ̀nù kan. Wọn kò ní kí ilé iṣẹ́ máa bọ́ sáfà títí ayé. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí o bá ń lọ, fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣàròyé pé iṣẹ́ ńlá ni, pé ó léwu, pé owó á pọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún géèmù tí wọ́n ti kọ́ tán. Fún èyí tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀, èmi ò rí àwáwí kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ láti ìpìlẹ̀ pé òun máa ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, kó yàwòrán ilé náà pẹ̀lú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Mo ti sọ̀rọ̀ ju bí mo ṣe ṣèlérí lọ, mo sì rí i pé àwọn kan ti ń wo aago. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun yìí, mo ń gbé e padà sínú páálí, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ rí nínú rẹ̀. Èyí tó gbó yìí, mo ti dé e padà. Ẹ gbà á níwájú níbẹ̀, ẹ máa gbé e lọ sẹ́yìn, kí gbogbo èèyàn fọwọ́ kàn án, ẹ wo orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lórí tábìlì yìí, iná ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wù lè tì í bọ̀ ọ́ kó gbá a díẹ̀ ká tó túká. Bí kò bá tètè tàn, ẹ fà á yọ, kí ẹ tún tì í bọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i.